Owó Ìgò, Owó Bátìrì

Ihò mọ́kànlá ni mo kà lára àǹkárá yẹn. Mo tún un kà, bóyá ojú ló ń ṣe mí. Mọ́kànlá náà ni. Aṣọ ẹbí ni, ti ìyá ìyàwó kan ní Ìgbógbó. Mo ti rán bùbá tán, ó ku kí n lọ̀ ọ́. Bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń gba orí ẹ̀ kọjá ni àmì rúsúrúsú ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí tíì bá ta sí aṣọ. Mo fi èékánná họ ọ̀kan wò, ó sì rún sí mi lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ.

Ọmọ iṣẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Mo ní òun ló jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbóná jù. Ọmọ yẹn rọra ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ̀ ọ́, mà." Ó jàre mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù, ni mo tó rántí oníkóńdẹ́ẹ̀mù.

Ẹ mọ̀ wọ́n. Láti Sábó títí dé Àgíríìkì, kò sí àdúgbò tí wọn kì í dé ní Ìkòròdú yìí, àwọn àti ọmọlanke wọn àti ẹ̀rọ tó ń pariwo ohun kan náà láràárọ̀: "Kóńdẹ́ẹ̀mù bátìrì! Kóńdẹ́ẹ̀mù ínfátà! Kóńdẹ́ẹ̀mù fíríìjì!" Èmi fúnra mi ni mo pe ọ̀kan nínú wọn. Bátìrì ínfátà mi méjèèjì ti kú. Ọdún kẹta wọn rèé, wọn ò lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo fún wákàtí kan mọ́. Irú èyí tó ń mu omi ni wọ́n, tó wúwo débi pé ọkùnrin méjì ló gbé ọ̀kan wọlé lọ́jọ́ tí mo rà á.

Ọmọkùnrin náà ò lè ju ogún ọdún lọ. Ó ní Ṣakí lòun ti wá. "Àǹtí, omi inú ẹ̀ á kọ́kọ́ jáde o. Àwọn ọ̀gá tó ń rà á lọ́wọ́ wa kì í ra omi." N ò tíì la ẹnu tó fi ṣí ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tó dojú ọ̀kan dé sínú gọ́tà mi. Sìmẹ́ǹtì etí gọ́tà hó ṣùù, bí ẹni da mínírà sí ife. Ooru kan gbá mi lọ́fun, mo wúkọ́. Omi yẹn ò mọ́ rárá, ó ń gbé nǹkan dúdú kan bọ̀ bí eérú ààrò. Ó ta, mo sì rí i pé ó ta. Yẹ̀rì mi ni mo yẹ̀ wò. N ò wo àǹkárá tó wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ásíìdì inú bátìrì kì í jẹ òwú lójú ẹsẹ̀. Á fara balẹ̀. Omi tó bá a rìn á gbẹ, òun á wá ki, iná áyọ́ọ̀nù á sì bá a parí iṣẹ́.

Mo san owó àǹkárá. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Nǹkan bí eérú yẹn ni n ò lè fi sílẹ̀. Òjé ni, irin inú bátìrì tí wọ́n ń pè ní lead. Òjé náà ni àwọn ọ̀gá ń wá, torí ó ṣeé yọ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣeé yọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, kó sì tún di bátìrì tuntun. Ìyẹn dáa. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ àti bí wọ́n ṣe ń yọ́ ọ lọ̀rọ̀ wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu lára, àgàgà fún ọmọdé, torí ọpọlọ wọn ló ń bà jẹ́. Ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọdé 18 ló kú láàárín ìparí ọdún 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ láti ṣa òjé bátìrì.

Ẹ má sọ pé Sẹ̀nẹ̀gà jìnnà. Ògìjo ò jìnnà. Ẹ gba Odóńgúnyàn, ẹ tẹ̀lé títì Ṣàgámù, kẹ́ ẹ tó kí ẹni tẹ́ ẹ jọ wọkọ̀ tán, ẹ ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí iléeṣẹ́ tó ń yọ́ òjé pọ̀ sí. Lọ́dún 2025, àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 70 wò lágbègbè yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń gbé nítòsí. Nínú mẹ́wàá, méje ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ibi tó léwu. Ta ló mọ̀ bóyá bátìrì tèmi náà ti gba ọ̀nà ibẹ̀?

Ìyá mi ta mínírà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìgò lọ sílé láìmú òfìfo wá, á san owó ìgò. Tó bá dá ìgò padà lọ́la, á gba owó ẹ̀. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó ń wá ìgò kan ṣoṣo lábẹ́ kánópì lẹ́yìn òde, nítorí owó tí kò tó nǹkan. Ìgò lásán! Ẹni tó ṣe mínírà ló fẹ́ ìgò ẹ̀ padà, ó sì fi owó sídìí ẹ̀, gbogbo wa ò sì jẹ́ kó sọnù. Ní Jámánì, bí wọ́n ṣe ń ṣe bátìrì mọ́tò nìyẹn: tó o bá ra tuntun láìmú àlòkù wá, wọ́n á gba yúrò 7.50 lé e, o ò sì ní rí i gbà àfi tó o bá mú òkú bátìrì dé.

Nàìjíríà náà lófin. Láti 2024 ni òfin bátìrì ti wà, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, ló wà nídìí ẹ̀, ohun tó sì sọ kò le: ẹni tó ṣe bátìrì tàbí tó kó o wọ̀lú, ọrùn ẹ̀ ni ẹrù àlòkù ẹ̀ wà. Mo gba òfin yìí gbọ́, mo sì gbé e lọ bá ẹni tó ta bátìrì fún mi ní Sábó.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ̀yin lẹ tà á fún mi. Ẹ gba òkú ẹ̀ padà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí télọ̀, ṣé ẹ̀yin náà máa ń gba aṣọ tó bá gbó padà?"

"Aṣọ tí mo rán kì í da ásíìdì."

Àwọn tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ní kò burú, kí n gbé e wá, òun á yọ owó díẹ̀ kúrò lórí tuntun. Mo yọjú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Bátìrì bí ogún ló wà lára ògiri, gbogbo ìdérí ti ṣí, gbogbo wọn ti gbẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun bí ibi tí wọ́n da iyọ̀ sí, koríko kan ò hù. Mo bi í pé ta ló ń wá kó wọn. "Àwọn ọmọ yín oníkóńdẹ́ẹ̀mù náà ni."

N ò lè bá a jà. Iye tí wọ́n tà á fún òun náà, owó ìgò kankan ò sí nínú ẹ̀. Ọmọ Ṣakí yẹn ńkọ́? Ẹni tó bá fowó sí i jù ló ń tà fún, ẹni tó sì ń da ásíìdì sí gọ́tà ló lè fowó sí i jù, torí kò náwó kankan lórí ìmọ́tótó. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ gba èéfín, tó ń tọ́jú ásíìdì, ìnáwó ẹ̀ pọ̀, owó tó máa lè san á kéré. Àyàfi tí àwọn tó ń kó o wọ̀lú bá fi owó gidi lé e látìbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ pé ibi tó dáa ló máa pé ọmọ náà láti tà á sí. Mo fẹ́ kó rí owó ẹ̀ gbà. Kó má kàn fọwọ́ kan ásíìdì ni, torí ó fọwọ́ kàn án lójú mi, ó sì fi ṣòkòtò nù ún.

Ọ̀kan ṣoṣo ló gbé lọ lọ́jọ́ náà. Ikọ́ ni ò jẹ́ kí n jẹ́ kó da kejì. Kejì ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, lórí pákó, nínú bàsíà oníke, ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé pa. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN" sí i lára. Láràárọ̀ tí ẹ̀rọ yẹn bá ti ń pariwo bọ̀ látòkè, ọmọ iṣẹ́ mi á wo ojú mi, èmi á sì ní kó máa bá ìṣẹ́tí ẹ̀ lọ.