Wọ́n fi ṣòfò

Inú máíkírà ni mo ti gbọ́ ọ, láàárín Bódìjà sí Mọ́kọ́lá. Ìyá kan ló ń sọ fún ìkejì rẹ̀: "Wọ́n fi ọmọ yẹn ṣòfò ni jàre, Ìyá Tósìn. Ẹni tó lóhùn orin báyẹn, òfin Ìjọ ni wọ́n ní kó lọ kà!" Wọn ò mọ̀ pé ọmọ ìyá mi ni Fádà tí wọ́n ń wí. Mo kọjú sí fèrèsé, mo ń ka pátákó ìpolówó.

Mo ra ata. Mo délé, wọ́n ti mú iná lọ. Ọjọ́ tòní nìyẹn.

Ṣòfò kẹ̀! Ẹni tó jáde ní sẹ́mínárì, tí Bíṣọ́ọ̀bù tún ní kó lọ sí Róòmù, ọdún mẹ́ta pẹ̀lú Látìn, kó tó gba oyè tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa dájọ́ ní kóòtù Ìjọ. Òfin 1,752 ló wà nínú ìwé òfin Ìjọ Kátólíìkì tí Pópù John Paul Kejì gbé jáde ní 1983. Àwọn èèyàn ní ìgbéyàwó ni Fádà ń tú ká. Kò tú ọ̀kankan ká rí. Ohun tí kóòtù ń wò ni bóyá ìgbéyàwó náà so rárá lọ́jọ́ tí tọkọtaya dúró níwájú pẹpẹ: àbí wọ́n fipá mú ìyàwó ni, àbí ọkọ ti pinnu nínú ikùn ara rẹ̀ pé òun ò ní bímọ láéláé. Ẹnì kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa jà pé ó so. Bí iyèméjì bá sì kù, ó so náà nìyẹn. Kí Pópù Francis tó yí i padà ní 2015, kóòtù méjì ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò pé kò so kí èèyàn tó lè fẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ lọ bi obìnrin tó ń jókòó sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Páàdì, tí kò lè gba Ara Olúwa nítorí pé ó ti fẹ́ ọkọ mìíràn, tó ń retí ìwé ìdájọ́, bóyá wọ́n fi Fádà ṣòfò.

Ṣùgbọ́n... ní Àìsùn Ọdún Àjíǹde, nígbà tí ẹlòmíràn ń kọ orin àbẹ́là ńlá yẹn dípò Fádà, tó ń wá ohùn kiri, kí ni mo sọ nínú mi? Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn gan-an ni. Bóyá ìdí tó fi dùn mí tó báyìí nìyẹn. Fádà fúnra rẹ̀ á kàn rẹ́rìn-ín. Òun ló sọ fún mi pé òfin tó kẹ́yìn pátápátá, òfin 1752, tó ní ìgbàlà ọkàn ni òfin tó ga jù, ọ̀rọ̀ kí wọ́n gbé àlùfáà kúrò ní ìjọ kan lọ sí òmíràn ló ń bá bọ̀. Mo ní àwọn ará ìjọ tí wọ́n gbé e kúrò lọ́dọ̀ wọn ńkọ́, ta ló bi wọ́n? Kò fèsì.

Màmá pè lálẹ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún Fádà kó wá bá àwọn ọmọ onílẹ̀ Akóbọ̀ ṣẹjọ́. Mo ní Màmá, òfin tirẹ̀ ò dé Akóbọ̀. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta ní Róòmù, kí ló wá ń kà níbẹ̀?