Èmi àti Fèrèsé Aláró

Owó tí mo fi kún owó tíkẹ́ẹ̀tì nítorí fèrèsé yẹn ṣì ń ta mí lára. Gbogbo Kàbà ló gbọ́ pé mò ń lọ wo aṣálẹ̀ Sàhárà láti ojú ọ̀run. Ta ló sọ fún wọn? Ẹnu mi yìí náà ni.

Mo ti jókòó ti máàpù kí n tó sanwó. Bàálù tó bá gbéra ní Àbújá tó ń lọ sí London, òkè ilẹ̀ Niger àti Algeria ló máa gbà, kó tó kan òkun Mẹditaréníà, kó tó kan Faransé. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, apá ọ̀tún lèèyàn ti lè rí àwọn òkè Alps oníyìnyín lókèèrè. Ni mo bá ní ọ̀tún ni mo fẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ọ̀jọ̀gbọ́n ò rántí pé ẹni tó bá kọjú sí àríwá láàárọ̀, ọ̀tún rẹ̀ ni oòrùn wà.

Kódà nígbà tí mọ́tò ń gbé wa lọ sí Àbújá, mi ò wo ìta. Àwọn tírélà sìmẹ́ńtì Ọ̀bàjànà, òkè Patti ní Lọ́kọ́ja, odò Ọya lábẹ́ afárá Jámátà, gbogbo wọn kọjá, mo dijú. Mò ń tọ́jú ojú de Sàhárà.

A wọ Boeing 787. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n to ìjókòó: èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọkùnrin kan tó sígbọnlẹ̀ láàárín, ìyá àgbà kan létí ọ̀nà. Mo kí ìyá, wọ́n ní, "Ọ̀kún o, ọmọ mi." Áà, ará ilé! Ìsánlú ni wọ́n ti wá, wọ́n ń lọ tọ́jú ọmọ tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

A jẹun tán, wọ́n dín iná kù, fèrèsé mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo rò pé ojú mi ni. Mo nu ojú, mo nu gíláàsì. Mo wá ìbòjú tí wọ́n ń fà sókè-sódò, mi ò rí i. Mo fi èékánná ha etí fèrèsé yíká.

Ìyá ní, "Ọmọ mi, kí lo sọ nù sára ògiri?"

"Aṣálẹ̀ ni, mà."

Àṣé bàálù yẹn ò ní ìbòjú. Bọ́tìnì kan ló wà nísàlẹ̀, iná mànàmáná ló ń mú gíláàsì ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù sì lè ti gbogbo rẹ̀ pa láti ọ̀dọ̀ tiwọn kí èrò lè sùn. Mo tẹ bọ́tìnì yẹn débi pé, ká ní agogo ẹnu ọ̀nà ni, onílé á ti pe ọlọ́pàá. Ohun tí mo rí kò ju oòrùn róbótó kan tó ti di aláwọ̀ aró. Aṣálẹ̀ tó tó nǹkan bí ìlọ́po 10 ilẹ̀ Nàìjíríà, ó wà lábẹ́ ìdí mi, mi ò rí i!

Ìyá dìde, wọ́n lọ sílé ìtọ̀. Wọ́n pẹ́. Ẹ̀rín ni wọ́n bá dé. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ńlá ẹ̀yìn ní fèrèsé kékeré kan, ọmọge tó ń pín oúnjẹ ló ní káwọn wá wò ó.

"Iyanrìn ni o. Iyanrìn, iyanrìn, iyanrìn! Kò sílé, kò sígi. Ta ló dà á síbẹ̀?"

Ẹni tí kò fi kọ́bọ̀ kún tíkẹ́ẹ̀tì! Tíkẹ́ẹ̀tì gan-an, ọmọ ló rà á.

Ìjà mi bá kúrò lọ́rùn fèrèsé, ó di ti ọkùnrin àárín, tó ti ń hanrun látìgbà tí a kúrò ní Àbújá. Mo húkọ́. Mo jẹ́ kí ìwé já bọ́. Mo pe Jésù sókè. Ìtọ̀ náà sì ti dé góńgó. Ìgbà tó máa fi jí, tí mo sáré dé ìdí ilẹ̀kùn yẹn, òkun ti dé, ìkùukùu ti bò ó. Alps ńkọ́? Ìkùukùu. London ńkọ́? Ìkùukùu títí táyà fi kanlẹ̀.

Níbi tí àwọn èèyàn ti ń pàdé àlejò wọn, ìyá ti ń ròyìn fún ọkọ ọmọ wọn. Ràkúnmí ti wọnú ọ̀rọ̀ náà, ó tún pọnmọ. Láti nǹkan bíi kìlómítà 11 lókè! Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyá nawọ́ sí mi.

"Bi í. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé gan-an lòun jókòó sí."

"Òótọ́ ni, sà," mo ní. "Ràkúnmí méjì ni mo kà."