Ta Ló Ṣe Ipò Kìn-ín-ní?

Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ gba ìsinmi

Ní ìrọ̀lẹ́ òní ni tíṣà kíláàsì ọmọ mi gbé àwòrán kan sí ojú WhatsApp àwa òbí. Ìwé máàkì gbogbo kíláàsì ni. Orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, iye tó gbà nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ipò tó ṣe, àti, ní ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, iye owó ilé-ìwé tí òbí rẹ̀ ṣì jẹ. Kò pẹ́ rárá tí ìkíni fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: "Ẹ kú oríire o! Ọlọ́run á máa gbé wọn ga." Àwọn tó wà lókè ni wọ́n ń kí. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ kan àwọn tó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la rí wọn.

Mo pe tíṣà náà níkọ̀kọ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá a jà, nítorí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kára ni, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ wa dénú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ àwòrán yẹn kúrò. Ẹ fi ti oníkálukú ránṣẹ́ sí i." Ó ní òun rò pé yóò jẹ́ kí orí àwọn tó ṣe dáadáa wú ni, pé àwọn tó ń ṣètò owó ló sì fi ìlà tó kẹ́yìn yẹn sí i. Ó yọ ọ́. WhatsApp máa ń fún èèyàn ní bí ọjọ́ méjì àbọ̀ láti pa ohun tó fi ránṣẹ́ rẹ́ kúrò lójú gbogbo èèyàn, nítorí náà àyè ṣì wà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti tari rẹ̀ sí ọkọ rẹ̀, tàbí sí bùrọ̀dá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní lẹ́sìn nílé, ta ni yóò lọ bá a yọ ọ́ níbẹ̀?

Mi ò ní kọ ohun tí mo rí nínú ìwé náà síbí.

Lẹ́yìn tó yọ ọ́ tán, ìyá kan bèèrè pé kí ló wá jẹ́ àṣírí nínú máàkì Mathematics. Bàbá kan dáhùn pé, "Ṣebí ọmọ gbogbo wa ni wọ́n." Mo rí i pé inú wọn ò dùn, mo sì mọ̀ pé wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ló sì ń yí lọ́kàn mi láti ìgbà náà, nítorí pé èmi náà gbà pé ọmọ gbogbo wa ni wọ́n. Ojú kan ló ń bímọ, igba ojú ló ń tọ́ ọ. Bí mo bá rí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ń sá kọjá títì márosẹ̀ ní Ìkòròdú, màá pariwo mọ́ ọn, màá fà á lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ yóò sì kí mi. Igba ojú yẹn wúlò. Àmọ́ kí ojú rí i, kí ẹnu máa pín in kiri, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà tó fi igba ojú tọ́ wa náà ló ń sọ pé gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

N kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni pé gbogbo nǹkan ló dára nígbà tí a wà ní agboolé. Ọmọ tó bá tọ̀ sórí ẹní lóru, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi máa kọrin "atọ̀ọ́lé" tẹ̀lé e, àgbàlagbà mìíràn yóò sì jókòó máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìtìjú ni yóò mú kó jáwọ́. Mo mọ àwọn tó ti bímọ, tí wọ́n ti lọ́mọọmọ pàápàá, tí ara wọn ṣì máa ń bù máṣọ bí ẹnikẹ́ni bá dá orin yẹn sílẹ̀ lójú wọn. Ohun tí ara ọmọ náà ò lè ṣe nígbà yẹn ni wọ́n sọ di orúkọ fún un.

Mo ṣí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 wò lálẹ́ yìí. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Abala kẹjọ òfin 2003 yẹn ní ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, sí ìdílé rẹ̀, ilé rẹ̀, ìwé tó bá kọ àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ òbí tó bá gbọ́ èyí ni yóò kọ́kọ́ fò sókè pé, ṣé mi ò wá ní lè yẹ fóònù ọmọ mi wò mọ́ ni? Abala náà dá wọn lóhùn: kò gba agbára lọ́wọ́ òbí láti máa bójú tó ọmọ rẹ̀ níwọ̀n tó bá yẹ. Àmọ́ ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ tó ń gbà tọ́ ni agbára yẹn mọ sí. Kò sí ibi tó ti ní kí n máa ṣe àbójútó máàkì ọmọ ẹni tó ń gbé ní òpópónà kejì. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 náà tún fi ọ̀rọ̀ sọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ ọmọ: bí ẹnìkan bá fẹ́ gbàyè láti lo ìsọfúnni nípa ọmọdé, àwọn ni yóò bèèrè lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí wọ̀nyẹn lónìí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé-ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Inú ilé wa ló ti bẹ̀rẹ̀, nídìí oúnjẹ. Ọmọ á dé pẹ̀lú káàdì rẹ̀, yóò ní òun ṣe ipò karùn-ún. A ò ní bèèrè ohun tó kọ́. "Ta ló ṣe ipò kìn-ín-ní?" Ó dárúkọ. "Ẹni yẹn, ṣé orí méjì ló ní? Ọmọ Àlàájà ńkọ́, kelòó ló ṣe? Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jókòó ńkọ́?" Bí ọmọ náà ṣe ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wa ń balẹ̀ tàbí tó ń gbóná. Mo ti wò ó títí, mo sì gbà pé ìbẹ̀rù ni gbogbo ìtọpinpin yìí. Owó ilé-ìwé ga, a fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun mìíràn tí a fi lè wọ̀n ọ́n ju ọmọ ọlọ́mọ lọ. A ò kórìíra àwọn ọmọ yẹn. Ẹ̀rù ọmọ tiwa ló ń bà wá.

Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí ìbéèrè náà ń sọ ọmọ tiwa dà. Ó ti di ẹni tí a rán lọ wo ilé onílé wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi káàdì hàn án nítorí pé ó fọkàn tán an, bóyá ó tiẹ̀ sunkún lé e léjìká, kó tó di alẹ́ ìyá àti bàbá kan ti ń fi ṣe ọbẹ̀ nídìí ẹ̀bà. Àwọn baba wa ní ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru tòru. Nínú èyí, ọmọ ara wa gan-an là ń rán, ẹrù ọmọ ọlọ́mọ la sì ní kó lọ gbé wá.

Nínú ẹgbẹ́ ọmọ mi, ọmọ kan wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sílé-ìwé. (Mo ti yí ohun kan tàbí méjì padà nínú ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n.) Àwọn ìyá tó ń dúró gba ọmọ lẹ́nu géètì ti ń sọ ọ́: "SS ni o. Ẹ wo ẹyinjú rẹ̀ bó ṣe rí rúsúrúsú." Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde jù lọ láyé, nítorí náà kò sí ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà ṣe àjèjì sí. Ìdí gan-an tí ó fi yẹ kí ẹnu wa wúwo nìyẹn. A mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin tí gbogbo àdúgbò ti mọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti kékeré. Àwọn kan á máa pè é ní àbíkú. Bó bá dàgbà tó mú ọkọ wálé, àwọn tó máa kọ́kọ́ sá lọ bá ìyá ọkọ ni àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kìíní. Ó yẹ kí òun àti ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n jókòó sọ ọ́ fún ara wọn, dájúdájú. Ẹnu tirẹ̀ ló yẹ kó ti jáde.

Mo bi ọmọ mi nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, pé ṣé ara rẹ̀ ti yá. Ó wò mí díẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo ní kò burú. Mo bi í pé kí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílò. Ojú rẹ̀ tàn, ó ní ìwé tí wọ́n ti kọ láti ìgbà tí kò ti wá. Ìrọ̀lẹ́ méjì ló fi jókòó da nóòtì kọ fún un, mo sì pe ìyá ọmọ náà pé, "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀gbọ́n mi. Bí oúnjẹ bá jẹ́ ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ fún mi." Mi ò bèèrè orúkọ àìsàn. Títí di òní, mi ò mọ̀ ọ́n, ìrànlọ́wọ́ náà kò sì dín kù nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kí ọmọ mi má gbà láti bò mọ́ra fún ọ̀rẹ́ kankan: bí àgbàlagbà kan bá ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, bí wọ́n bá ń lù ú ní ìlùkulù, tàbí bó bá ní òun fẹ́ pa ara òun. Èyí kì í ṣe àṣírí tí ọmọdé ń gbé. Kó sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an. Àmọ́ nígbà yẹn pàápàá, ojú WhatsApp kọ́ ni màá gbé e lọ. Màá lọ bá ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i. Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ DSVA tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kéde rẹ̀ fún òbí bí ọgbọ̀n ti ta ọ̀daràn náà lólobó, ó sì ti dójú ti ọmọ.

Ìpàdé àwa òbí àti olùkọ́ ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé, mo sì ti kọ ohun tí màá sọ. Kí káàdì ọmọ kọ̀ọ̀kan máa lọ sọ́dọ̀ òbí rẹ̀ nìkan. Kí owó tí òbí jẹ má ṣe sí lára ìwé tí orúkọ ọmọ wà, kí wọ́n má sì pe orúkọ ọmọ kankan síta lórí ìlà àárọ̀ nítorí rẹ̀. Òbí ló jẹ gbèsè, òun ni kí wọ́n pè. Kí àwòrán ọmọ ọlọ́mọ nínú ayẹyẹ ọjọ́ìbí má máa dé orí Facebook láìgbàṣẹ. Mo mọ̀ pé wọn á ní mo ti le jù. Ìyá tó bèèrè pé kí ló jẹ́ àṣírí nínú Mathematics ti pè mí ní bí wákàtí kan sẹ́yìn. Ó ní ìlà owó yẹn ló dun òun, pé òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn ni, pé bí mo bá dìde sọ ọ́, òun náà á dìde. Mo fi ọ̀rọ̀ ìlà owó sókè pátápátá nínú ohun tí mo kọ, òun la ó fi bẹ̀rẹ̀.