Kùkúḿbà tó wọ́, abọ́ tó fọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ làwọn ará Japan fẹ́ràn ohun tó lábùkù, kó kọ́kọ́ bá mi lọ ra kùkúḿbà ní Kyoto. Ní ilé ìtajà àdúgbò mi, gbogbo wọn ló gùn dọ́gba, tí wọ́n gún régé. Ápù wà nínú fóòmù lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà fara pa. Kùkúḿbà tó bá wọ́, tàbí kárọ́ọ̀tì tó bá ya ẹsẹ̀ méjì, inú apẹ̀rẹ̀ ọ̀tọ̀ ló ń wà, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ yẹn lèmi máa ń lọ bá. Lẹ́yìn ìlú, àwọn àgbẹ̀ máa ń kó irú ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀ sórí àtẹ tí ẹnikẹ́ni ò jókòó tì. O ju yẹ́ẹ̀nì 100 sínú àpótí, o mú tìrẹ, o ń lọ. (Mi ò ní sọ ohun tójú àpótí náà máa rí ní Bódìjà.)

Ní Bódìjà ọ̀hún, ta ló ń wọn kùkúḿbà? Tòmátì tó ti ń rọ̀ pàápàá lóníbàárà tirẹ̀, àwọn olóúnjẹ ló ń dù ú.

Síbẹ̀, Japan yìí náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wabi-sabi, pé ohun tó gbó, tó sán, tí kò dọ́gba, ní ẹwà tirẹ̀. Ìdí ètò tíì pípo fún àlejò ló ti gbilẹ̀. Ní Yamazaki, láàárín Kyoto àti Osaka, yàrá tíì kan wà tí wọ́n ń pè ní Taian, tí wọ́n ní Sen no Rikyū, àgbà ọ̀gá nídìí ètò tíì, ló kọ́ ọ. Ẹní méjì péré ló gba inú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ńṣe lèèyàn ń rá wọlé. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, koríko gbígbẹ sì yọ lára amọ̀ náà. Ìṣúra orílẹ̀-èdè ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó dàgbà sílé alámọ̀ ní Ìsẹ́yìn mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀. Tiwa, bí ọmọ bá ti rówó l'Ékòó, búlọ́ọ̀kù ló máa fi rọ́pò rẹ̀. Mi ò bá a wí. Ẹni tí ògiri ti wó lé lórí lóru òjò kò ní máa pe amọ̀ ní ẹwà.

Àwọn ará Japan pàápàá ò fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Toyotomi Hideyoshi, alágbára tí Rikyū ń po tíì fún, wúrà ló fi bo yàrá tíì tirẹ̀. Òun náà ló pàṣẹ pé kí Rikyū gbẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́dún 1591.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni kintsugi. Bí abọ́ bá fọ́, oje igi urushi ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Oje náà burú: bó bá kan ara, ara á lé, á sì máa yún. Wọ́n á pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, wọ́n á fi lẹ abọ́ náà, wọ́n á wá gbé e sínú àpótí tó ní ọ̀rinrin. Àwa tí oòrùn la fi ń sá nǹkan gbẹ, ẹ gbọ́ èyí: ọ̀rinrin àti ooru ló ń mú oje yìí le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dí ibi tó ti ré, wọ́n á kùn ún, wọ́n á sì bu ìyẹ̀fun wúrà sójú lílẹ̀ náà. Ó lè gba oṣù bíi mélòó kan. Owó iṣẹ́ rẹ̀ sì lè ra abọ́ tuntun rẹpẹtẹ, nítorí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta abọ́ ní yẹ́ẹ̀nì 100 wà káàkiri. Ìlú kan náà ni mo ti ń rí àga tó dára, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń mì. Olówó rẹ̀ á ra sítíkà lẹ̀ mọ́ ọn, kí ìjọba ìlú lè wá gbé e dànù. Wọ́n ń sanwó láti dà á nù! Káfíńtà àdúgbò wa á ti kan ìṣó mọ́ ọn kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Àwa náà sì ní tiwa. Igbá tó bá sán, àwọn àgbà a máa lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti sán, wọ́n á fi okùn gán an. Ojú gígán náà hàn gbangba, ẹnikẹ́ni kì í fi pa mọ́. Ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Tokyo, abọ́ aláwọ̀ ewé kan wà tó wá láti Ṣáínà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà tó sán, Ashikaga Yoshimasa, tó ń ṣàkóso Japan láyé ìgbà yẹn, fi ránṣẹ́ padà síbẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní irú rẹ̀. Wọn ò rí irú rẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá fi irin gán an, wọ́n sì dá a padà. Abọ́ náà wá gbayì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Igbá tiwa ò gbayì kankan. Kí ọkà lè dúró nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gán an.

Mo fi abọ́ olójú wúrà kan han Màámi lórí WhatsApp. "Àkànní, ṣé kò sówó abọ́ tuntun lọ́hùn-ún ni?" Mo sọ iye tó jẹ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Ni wọ́n bá bi mí bóyá wọ́n á gba agánígbá ilé wa síṣẹ́, àfi pé ó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì kọ́ ọ. Àwọn tó ń fi irin gbígbóná lẹ abọ́ rọ́bà ló ń kiri báyìí. Màámi ní iṣẹ́ wọn kì í pẹ́ já, ṣùgbọ́n wọn kì í gbówó gọbọi.