Ṣé ‘O’ Ni Àbí ‘Ẹ’?

Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kejìlá

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, ilẹ̀ sì ti ṣú ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo wà ní ilé ìdáná, mo ń bó ẹ̀wà tí a ó fi ṣe mọ́ínmọ́ín, nígbà tí mo gbọ́ tí ìyá mi ké “Ààlọ́ o!” ní pálọ̀, tí ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún márùn-ún, sì dá wọn lóhùn pé “Ààlọ̀!” Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ yọjú. Ìwé kan ni wọ́n ṣí lé itan, ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu nìyẹn, nítorí pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti dé láti Ìbàdàn, wọn kò fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú àwọn ìwé ọmọ náà. Wọ́n ní òyìnbó inú wọn kò bá àwọn lẹ́nu mu.

Àmọ́ kò sí òyìnbó nínú èyí. Ìwé mẹ́ta tí a fi àwòrán nìkan sọ ìtàn wọn ni mo yá ní ilé ìkàwé àdúgbò wa nítorí Kérésìmesì, èyí tí wọ́n sì kọ́kọ́ mú ni The Snowman, tí Raymond Briggs yà, tí ó jáde ní ọdún 1978. Pẹ́ńsù aláwọ̀ ni ó fi yà á, àwọn àwòrán kéékèèké sì tò tẹ̀ lé ara wọn lójú ewé láìsí gbólóhùn kan tí ń ṣàlàyé wọn. Ìwé kan tí ẹrẹ̀ àti ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú ni Briggs ṣe ṣáájú rẹ̀, ó sì wù ú lẹ́yìn náà láti ṣe ohun tí ó mọ́, tí ó sì dákẹ́.

Ìtàn náà kò gùn. Ọmọkùnrin kan jí, ó rí i pé òjò dídì ti bo ilẹ̀ (orúkọ tí ìyá mi mọ̀ ọ́n sí láti inú ìwé Aísáyà nìyẹn), ó bọ́ síta, ó sì fi mọ ère kan tí ó tóbi. Ó fi ọsàn kékeré ṣe imú fún un, ó dé e ní fìlà, ó so sikáàfù mọ́ ọn lọ́rùn. Nígbà tí ó di òru, ère náà di alààyè. Ìyá mi kọ́kọ́ fajú ro sí ère tí ń rìn lóru, wọ́n sì bi mí bóyá iwin ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí bí ojú rẹ̀ ti rí, wọ́n fà á mọ́ra.

Ẹnu ọ̀nà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ inú ìwé náà ń pe àlejò rẹ̀ wọlé, ọmọ mi sì sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀ pé, “Wọlé!”

Ìyá mi gbé ìka lé ojú ewé náà, wọn kò sì ṣí i mọ́. “Ẹni tí ó dé fìlà, tí ó tóbi tó báyìí, ìwọ ọmọ yìí, ‘wọlé’ ni o ń wí fún un? ‘Ẹ wọlé’ kọ́?”

Ọmọ náà wo àwòrán, ó tún wo ìyá àgbà. “Màmá, òní ni wọ́n bí i.”

Mo ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn inú ìwé yìí fún un lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ yìí kò sì wáyé rí, nítorí pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bá ọmọdé àti àgbà wí. Briggs kò sọ fún wa ta ni àgbà nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́ kò lè fo ibẹ̀ kọjá. Ó gbọ́dọ̀ pinnu kí ó tó la ẹnu.

Wọ́n kọ́kọ́ fara mọ́ tirẹ̀. Nínú ilé, ère náà ń ṣe bí ọmọdé: ó ń tan iná, ó ń pa á, ó ń ya ẹnu wo tẹlifíṣọ̀n, ó yọ́ wọ yàrá àwọn òbí tí wọ́n ti sùn, ó sì kó eyín àtọwọ́dá inú ife sẹ́nu. Níbí yìí ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, nítorí pé tiwọn náà wà nínú ife lórí tábìlì ìwẹ̀. “O ò ní fi í sílẹ̀!” ni wọ́n ń wí fún ère náà. ‘O’ ni ó jẹ́ títí wọ́n fi jáde kúrò nínú ilé. Nígbà tí ó wá di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, tí wọ́n fò kọjá orí òkè South Downs títí dé Brighton létí òkun, ohùn ìyá mi yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn létí: “Ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kí ó já bọ́.”

Kò sí Kérésìmesì kankan nínú ìwé náà ní ti gidi. Fíìmù rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Channel 4 gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1982 ni ó gbé wọn kọjá Brighton lọ bá Bàbá Kérésì, láti ìgbà náà sì ni wọ́n ti so ó mọ́ ọdún. Ti ìwé wù mí jù. Nínú àwọn méjì tó kù, Christmas! tí Peter Spier ṣe ní 1983 ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn, ó ya ìdọ̀tí abọ́ àti ìgbálẹ̀ ẹ̀yìn ọdún pẹ̀lú àsè. A Small Miracle ti Peter Collington, ti 1997, ni a ó kà lọ́la. Ìyá arúgbó tí wọ́n jà lólè ni ó wà láàárín rẹ̀, kò sì ní sí ìjà lórí ‘ẹ’ níbẹ̀.

Ojú ewé tó kẹ́yìn nínú The Snowman nìyí: ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ náà dúró níwájú òkìtì kékeré tí ó yọ́ kù. Ọmọ mi dákẹ́. Mo rò pé ìyá mi yóò wá ọ̀rọ̀ dídùn kan fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, bí èmi ti ṣe lọ́dún tó kọjá, tí mo ní yóò padà wá.

“Wọ́n ti lọ,” ni ìyá mi wí.

Ọmọ náà kò bi wọ́n pé ta ni ‘wọ́n’. Ó rọra pa ìwé náà dé, ó sì ní kí a gbé e sí orí àga ìyá àgbà, kí ó má baà tutù.