Páálí ló kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì ti rẹ́rìn-ín tán fún gbogbo wa, tó bá ti rí páálí báyìí, á fọwọ́ bo ẹnu, á sá wọlé.

Ẹ ṣáà mọ Ìyá Àgbà, mọ́tò mi. Ẹni tí ò bá tíì rí i, á ti gbọ́ ohùn ẹ̀. Mo kà á níbì kan lórí fóònù pé tí mọ́tò bá ti dàgbà, kéèyàn tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀ lálẹ́, tílẹ̀ bá mọ́, ojú ibi tí epo bá kán sí ló máa júwe ibi tó ti ń jò. Tó bá jẹ́ àárín, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tú tí wọ́n bá ń ṣe vidange, ìyẹn pípààrọ̀ epo ẹ́ńjìnì. Tó bá jẹ́ ìdí ẹ́ńjìnì níbi tó ti pàdé jíà, kéèyàn yáa lọ bẹ àbúrò bàbá ẹ̀ fún owó. Èmi náà bá wá páálí. Páálí tẹlifíṣọ̀n ni mo lò o, èyí tó fẹ̀ dáadáa, torí ẹ̀rí tó dájú ni mo fẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, epo rèé! Ó dúdú, ó rí róbótó, àárín páálí gan-an. Inú mi dùn, àbí ẹ rí ìyà, inú mi dùn pé mọ́tò mi ń jò. Mo pe Ìyá Ìbejì pé kó wá wo iṣẹ́ ọpọlọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fimú fà á, ó ní àlùbọ́sà lòun ń gbọ́ o. Mo ní kí ló mọ̀ nípa ẹ́ńjìnì.

Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo yọ, epo ò kan àmì. Ó ti tán nìyẹn! Pé iwájú ilé wa dà gẹ̀rẹ́ lọ sójú gọ́tà, tí gbogbo epo á sì ti sá lọ sápá kan, ìyẹn ò sí nínú ohun tí mo kà, tàbí ó wà níbẹ̀ tí mi ò kàwé débẹ̀. Mo ra bídọ̀n epo ẹ́ńjìnì kan, mo dà á sí i. Lọ́jọ́ kejì páálí tún ti mu epo, mo tún dà á. Báyìí la ṣe ń bá a lọ, títí ẹni tó ń ta epo fún mi l'Ouando, l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí, fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ.

Ló bá dọjọ́ tí mò ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Kétu. Mo wọ agbádá funfun, mo da lọ́fíńdà sára. Mi ò tíì kúrò l'Àjàṣẹ́ tí èéfín fi sọ lẹ́yìn mọ́tò, àfi bí ọkọ̀ tó ń fín oògùn ẹ̀fọn. Àwọn oní-zém, àwọn ọlọ́kadà wa, ò ríwájú mọ́. Gbogbo àdúgbò sì di mẹkáníìkì. Ọ̀kan ní kpayo, ẹ̀sáǹsì (bẹntiróòlù) fàyàwọ́, tí mò ń rà ni. Bàbá kan ní funfun ni èéfín yẹn, omi ló ń jó. Mo ní bàbá, ẹ wò ó dáadáa, búlúù ni, búlúù sì ni epo, funfun ni omi, dúdú ni ẹ̀sáǹsì tó pọ̀ jù! Ẹ wò mí láàárín títì o, mò ń kọ́ wọn níwèé, agbádá mi ti di àwọ̀ eérú. Ọmọ iléèwé kan tó gbé báàgì kọ́rùn ló wá wò mí lójú, ó mi orí, ó ní, "Tonton, joint culasse ni." Gáàsíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ló ń wí. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Ẹni tó bá ti gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà ṣe joint culasse rí, ó yé e.

A fà á dé ọ̀dọ̀ patron, ọ̀gá mẹkáníìkì. Ó gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́, ó nu ọ̀pá yẹn, ó tì í bọ̀ ọ́, ó fà á yọ. Ó wo ọ̀pá, ó wo èmi.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń bu epo sí i?"

Ó ní epo ti gun òkè kọjá àmì, irin tó ń yí nísàlẹ̀ wá ń lù ú, ó sọ ọ́ di ìfófòó, ó gba ibi tí ẹ́ńjìnì fi ń mí jáde, ó wọ ibi tó ti ń fa atẹ́gùn, ó ń jóná mọ́ ẹ̀sáǹsì. Seal kan, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo jò, náà sì ti yọ lójú. Mo ní irọ́, ó ń jò ni, mo sì fa páálí yọ nínú bùútù. Patron fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn ẹ̀, ó pe ọmọ iṣẹ́ kó wá gbóòórùn. Lẹ́yìn náà, ẹ dákun ẹ gbà mí, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

"Ẹ̀gbọ́n, epo yìí níyọ̀."

Àṣé ìyá alákàrà iwájú ilé wa ni! Tó bá tajà tán lálẹ́, abẹ́ mọ́tò mi ló ń gbé garawa òróró tó ṣẹ́kù sí, nítorí ewúrẹ́, kílẹ̀ tó mọ́ á ti gbé e. Ìdí garawa ti lu, ọṣẹ ló fi dí i.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Ìyá yẹn ti ń pariwo pé ẹnì kan ń jí òróró òun. Ó dúró lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣẹ́ ẹ léèpè pé ẹni tó ń mu òróró òun, èéfín ni á máa rú nídìí ẹ̀. Èmi yìí, tí mo di bídọ̀n mú lọ́wọ́, èmi ni mo dáhùn "Àṣẹ!" Ohùn mi ló tiẹ̀ lọ sókè jù.

Nígbà tó gbọ́, ṣé ẹ rò pé ó bẹ̀ mí? Ó gbé garawa dé ọ̀dọ̀ patron, patron pa iṣẹ́ Ìyá Àgbà tì, ó fi iná soudure jó ojú ihò garawa pọ̀ lójú mi, kò gba kọ́bọ̀. Èmi sanwó vidange, mo sanwó seal, mo sanwó ẹni tó fà mí. Ìyá wá yíjú sí mi: "Bàbá Ìbejì, òróró tí páálí yín mu ńkọ́?"

Mo ra bídọ̀n òróró kan fún un. Ó ní òun ń lọ sọ́jà, kí n ṣáà gbé e sábẹ́ mọ́tò, òun á mú un.