Queen Mary ti ọdún 1943 ní ìwọ̀n 1/400: ibi tí iṣẹ́ dé

Oṣù keje ọdún 1943 ni àwòṣe yìí dúró lé, sẹ̀ǹtímítà kan lára rẹ̀ sì dúró fún mítà mẹ́rin ọkọ̀ gidi. Ìgbà yẹn ni Queen Mary, ọkọ̀ òkun akérò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ di ọkọ̀ sójà, kó èèyàn 16,683, sójà àti òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pa pọ̀, láti New York lọ sí Gourock ní Scotland lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ mú ọjọ́ kí ẹ tó mú ayùn, torí ojú ọkọ̀ yìí yí padà léraléra nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn tó kúrò ní New York lọ sí Sydney ní oṣù kẹta 1940, ṣe ni wọ́n kó kápẹ́ẹ̀tì, àwo àti fàdákà inú rẹ̀ jáde, wọ́n to bẹ́ẹ̀dì fún sójà bí 5,000, ìbọn orí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà wọ ogun ni wọ́n tún un ṣe ní Boston lọ́dún 1942, tí bẹ́ẹ̀dì àti ìbọn fi pọ̀ sí i. Ẹni tó bá to ìbọn 1943 sórí ọkọ̀ 1940 ti kọ́ ọkọ̀ tí kò sí rí.

Fótò ọkọ̀ náà bó ṣe dúró ní Long Beach ní California lónìí lè ṣini lọ́nà. Àwọn apá abẹ́ omi tí kì í jẹ́ kó fì sọ́tùn-ún sósì, ọdún 1958 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Nígbà ogun kò ní wọn, ó sì ń fì gan-an: ìgbì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú rẹ̀ dé ní oṣù kejìlá 1942, pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 16,000 nínú rẹ̀.

Ara ọkọ̀ ti parí. Mítà 310.7 ni gígùn rẹ̀, èyí tó di 77.7 cm, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 36, ó di 9 cm. Plywood 5 mm ni ọ̀pá ẹ̀yìn tó gba àárín kọjá, egungun ìhà 21 tí a gé lára plywood 3 mm ló jókòó lé e, a sì fi ọ̀já balsa (igi fífúyẹ́) 1.5 mm bò wọ́n. Ọ̀já kan lọ́tùn-ún, ọ̀já kan lósì, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ lọ. Bí ẹ bá parí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó bọ́ sí ìkejì, gúlúù á fa igi bó ṣe ń gbẹ, gbogbo ọkọ̀ á sì tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Pọ́tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló tẹ̀ lé e. Èyí tó bá nípọn máa ń sán lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi sanding sealer tí àwọn káfíńtà ń lò kun páálí tí ẹ fi ṣe àwọn ilé orí dẹ́ẹ̀kì, nínú àti lóde, kí ọ̀rinrin má baà wú u.

Òpó èéfín mẹ́ta ló ní. Ti iwájú ló ga jù, ti ẹ̀yìn ló kúrú jù. Ẹ má ṣe wọ́n dọ́gba.

Wáyà tó yí ara ọkọ̀ ká lóde ni iṣẹ́ tó gba sùúrù jù. Iná mànàmáná tí wọ́n ń rán gba inú rẹ̀ ló ń pa agbára òòfà irin ọkọ̀ náà, kí bọ́ǹbù abẹ́ omi tí òòfà ń mú bú má baà gbọ́ ọ. Wáyà bàbà 0.4 mm la lò. Ẹ kọ́kọ́ nà án kó gún, kí ẹ wá fi super glue tọ́ ọ mọ́ ara ọkọ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, 3 cm síra. Ẹ ṣe èyí ṣáájú ọ̀dà: èéfín super glue máa ń sọ ọ̀dà di funfun.

Ìbọn ló kàn. Ìbọn 20 mm Oerlikon jẹ́ 24, ti ìǹṣì mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà, ti ìǹṣì mẹ́fà jẹ́ ọ̀kan ní ẹ̀yìn, àwọn ìbọn Bofors 40 mm sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú; fífẹ̀ ihò ẹnu ìbọn ni àwọn ìwọ̀n yìí. Fọ́nrán kan nínú wáyà iná ilé tó rọ̀, tí a gé sí 3.5 mm, ló di ẹnu Oerlikon. Stírọ́ọ̀ mímu nǹkan tí a gé sí 3 mm ni agbada tí ìbọn jókòó sí. Abẹ́rẹ́ tí a gé sí 9 mm tó fún ìbọn ìǹṣì mẹ́ta.

Ọ̀dà àwọ̀ eérú: funfun, dúdú díẹ̀, búlúù ẹ̀kán kan. Ẹ po gbogbo èyí tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan náà, torí àpòpọ̀ kejì kì í bá àkọ́kọ́ mu. Kó má dán; dídán ló ń sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Ẹ fi í kun ojú fèrèsé pẹ̀lú, wọn kì í tan iná síta lóru. Àwọ̀ yìí àti eré rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Grey Ghost (iwin aláwọ̀ eérú): ó ń sáré tó 28.5 nọ́ọ̀tì, ó ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì má lè fojú sùn ún. Yíyà yẹn náà ló fà á tó fi gba ara HMS Curacoa, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń sìn ín lọ, kọjá ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 1942, tó gé e sí méjì, tí àwọn tó kú sì lé ní 330. Wọ́n fi kankéré dí imú rẹ̀ tó fọ́ ní Gourock, wọ́n sì tún un ṣe ní Boston. Ní 1943, imú náà ti gún.

Ó ku àwọn ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà pẹlẹbẹ tí wọ́n tò kún dẹ́ẹ̀kì, torí ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà 24 tó ti wà níbẹ̀ kò lè gba èrò tó bẹ́ẹ̀. Okùn òpó la máa fi kádìí: òwú náílọ́ọ̀nù tín-ínrín ni, kì í ṣe òwú ìránṣọ, torí tìyẹn ń yọ irun.